Sí Àṣàkẹ́, Nípa Ọkọ Ìyá Tó Wà Nínú Ìwé Rẹ̀

Ilé ọkọ mi,
Lẹ́yìn Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tó ń fa yẹtí mi láti ẹ̀yìn,

Ara mi le. Mo mọ̀ pé ara tìrẹ náà le, nítorí dẹ́rẹ́bà tó gbé ẹrù rẹ wá láti Ọ̀yọ́ sọ fún mi pé o ti sanra díẹ̀. Inú mi dùn sí i. Mo ti rí ìwé rẹ gbà, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú okùn tí o fi dì í àti bébà kékeré tí o fi lé e lórí: "Màámi, bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi dáná." Mo ti kà á tán. N kò fi dáná. Sítóòfù la fi ń se oúnjẹ nílé yìí.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn. O mọ ibi tí mo kàwé dé. Kíláàsì kẹrin ni mo wà tí wọ́n fi mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ irun dídì, nítorí náà ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ lọ lórí ìwé. Bí mo bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, màá gbé àpótí sí ẹ̀bá àmù, màá sì kà á díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn yóò fi lé mi kúrò níbẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé Bíbélì ni mo ń kà. Wọ́n ń rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò sọ fún wọn pé Bíbélì kọ́. Ìyàwó tuntun ni mí, ojú ń tì mí láti máa ṣàlàyé ara mi.

O sọ fún mi pé àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìbàdàn dá ìwé náà padà. O ní wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé ìtàn náà dára, pé ìlú inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n pé ọkọ ìyá tó wà nínú rẹ̀ kò jọ ènìyàn. Pé bí o bá lè tún un kọ kí họlidé tó tán, àwọn á tún un wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o gbé e lọ síbòmíràn. O wá ní o kò ní tún nǹkan kan kọ. O ní iṣẹ́ tíṣà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí ti tó ọ, pé ìtàn kíkọ ti sú ọ.

Àṣàkẹ́, láti ìgbà tí o ti mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú lo ti ń kọ ìtàn sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mi. Tí oṣù kò bá tíì parí, o ti ń fà á ya. Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá pa èyí tì báyìí, o kò tún ní kọ òmíràn. Wàá máa sọ pé o fẹ́ kọ ọ́, wàá sì darúgbó sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. N kò kọ èyí tó gùn tó báyìí rí, ọrùn ọwọ́ sì ti ń dùn mí. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, fojú fò ó.

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé irun ni mo dì ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọdébìnrin títí mo fi wá síbí, kò sì sí irú ìtàn tí wọn kò tíì jókòó sáàárín orókún mi sọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, pẹ̀lú ohun tí mo rí nílé ọkọ tí mo wà yìí. Mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Èkíní, má ṣe fẹ́ràn ohùn ara rẹ jù. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, èmi ni mo máa ń pa ìtàn fún àwọn oníbàárà kí ìjókòó má baà sú wọn. Lọ́jọ́ kan mo ń di ṣùkú fún obìnrin kan tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdẹ kan. Ìtàn náà dùn mọ́ èmi fúnra mi. Mo ń ṣe ohùn ọdẹ, mo ń ṣe ohùn ìyàwó ọdẹ, mo tún ń ṣe ohùn ajá rẹ̀. Kí ọdẹ tó darí wálé, apá ọ̀tún orí obìnrin náà ti gòkè lọ sí àárín bó ṣe yẹ kí ṣùkú lọ, apá òsì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìpàkọ́ bíi kòlẹ́sẹ̀. Ọ̀gá mi wá wò ó. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Ṣé orí méjì lẹ gbé wá ni?"

Obìnrin náà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ní, "Orí kan ni mo gbé wá o. Ọmọ iṣẹ́ yín ló fi ìkejì ta mí lọ́rẹ."

Wọ́n tú u, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí obìnrin náà fi dé ibi tó ń lọ, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, wọ́n ti ń fọ abọ́.

Mo rántí ọjọ́ yẹn nígbà tí mo dé ibi tí òjò ti ń rọ̀ nínú ìwé rẹ. O rọ òjò yẹn, ọmọ mi. O rọ ọ́ sórí páànù, o rọ ọ́ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, o rọ ọ́ sínú gọ́tà, mo ṣí ojú ìwé, òjò ṣì ń rọ̀. Ó dára. Mo rí i pé o gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o fi máa dá a dúró, mo ti gbàgbé ẹni tí òjò náà ń pa, mo ní láti padà sẹ́yìn lọ wá a. Orí ẹni tó ń ka ìwé rẹ ló wà níwájú rẹ. Máa wò ó bí o ti ń sọ̀rọ̀.

Ìkejì, bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú ìwé rẹ, bí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, ẹnì kejì á dáhùn ní kíkún bí ọmọ ilé ìwé tó dìde níwájú tíṣà. Bóyá iṣẹ́ tuntun yìí ló fà á. Ṣé o rántí Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń gbé òdìkejì wa, tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò tí kò wálé fún ọdún Iléyá? Mo ń di irun fún un lẹ́yìn ọdún. Èmi pẹ̀lú àṣejù mi, mo ní:

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé Bàbá Bọ́sẹ̀ ti wá dé?"

Ó ní, "Ẹ rọra fà á, orí ń dùn mí."

"Mo ní ṣé wọ́n ti dé láti Kánò?"

"Èlùbọ́ tuntun ti dé sọ́jà. Ẹ̀yin kò tíì lọ rà?"

Mo rọra fà á. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó yẹ kí n gbọ́, kò sì dárúkọ ọkọ rẹ̀ rárá. Nígbà tó dìde, ó fún mi ní oríṣi ẹ̀rín kan, ó ní mo dì í dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì wo dígí.

Wá fi èyí wé ibi tí ìyá inú ìwé rẹ ti gbọ́ pé ọkọ òun ní obìnrin mìíràn. O kọ ọ́ pé ó ní, "Inú mi bàjẹ́ gidigidi nítorí pé ọkọ mi ti dalẹ̀ mi, mo sì ń ronú bí ayé mi yóò ṣe rí." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí inú tèmi bá bàjẹ́, ṣé o kì í rí mi nídìí ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo tún ń fọ̀ ọ́? Ìkòkò ni kí o kọ. Ẹni tó ń kà á yóò mọ ohun tí obìnrin náà ń ro. Má bẹ̀rù pé kò ní yé wọn. Bí o bá sì ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn, dìde nínú yàrá rẹ kí o sọ ọ́ jáde. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ ọ́ létí ara rẹ, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ láyé yìí.

Ìyá inú ìwé yẹn náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé èmi ni. O fún un ní àpá tó wà lọ́wọ́ mi, o fún un ní bí mo ṣe ń pe orúkọ rẹ nígbà tí oúnjẹ bá jinná. Mo dúpẹ́ pé o rí mi bí ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́, nígbà tí mo kà á dé ìdajì, obìnrin yẹn ti sú mi. Kò rẹ́rìn-ín rí. Ẹkún àti àdúrà, àdúrà àti ẹkún. Kò jowú ẹnikẹ́ni rí. Ìwọ alára mọ̀ pé nígbà tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ra gèlè aláwọ̀ osàn yẹn, mo yìn ín títí tó fi lọ, mo wá wọlé, mo ní ó jọ ẹni tó ru ìbẹ́pẹ. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù. O mọ̀ pé mo máa ń fi ẹran tó tóbi sísàlẹ̀ ìkòkò fún ara mi, màá ní egungun nìkan ló kù. Fi sínú ìwé. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n sunkún nítorí obìnrin kan, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Kò sẹ́ni tó ń bá ère gbélé.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú ń tì mí láti kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni, n kò rí ojú rẹ. Nínú ìwé, ẹbí ló fi ipá fún obìnrin yẹn lọ́kọ. Àṣàkẹ́, kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Ọkùnrin yìí mú aṣọ tó rán wá fún oníbàárà kan ní ilé tó kọjú sí ìsọ̀ mi. Oníbàárà kò sí nílé, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun jókòó sórí bẹ́ńṣì mi. Ó jókòó pẹ́. Ó wo bí mo ṣe ń ya irun, ó ní ọwọ́ mi gún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún rí i tó ń bọ̀, n kò sì rí aṣọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mi nítorí pé ó wù ú. Èmi náà fẹ́ ẹ nítorí pé ó wù mí, ní ọjọ́ orí mi yìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti wà lópó bàbá rẹ. Mo ti kọ ọ́ tán. Jẹ́ kí n mumi.

Mo ti mumi.

Ó wá kan ọkọ ìyá náà, onílọ́rì rẹ yẹn. Láti ìgbà tó ti wọ inú ìwé rẹ ni ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń mu ọtí, ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín ìkà. Mo wá a kiri bóyá màá rí ibi kan tó ti ń wẹ̀, tàbí tó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, tàbí tí ata ta á lójú. Kò sí. Nígbà tó yá, àrá sán pa á. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo ní, àrá kọ́ ló bá ọkùnrin yìí jà. Ọmọ mi ló bá a jà.

N kò sọ èyí láti bá ọ wí. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ nílé yìí láìpẹ́ yìí, ojú sì tì mí fún un.

O kò tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí kí ìyàwó tó dé. Òun ló máa fún olúkúlùkù ní orúkọ tí yóò máa pè é. Nígbà tí mo wọ ilé bàbá rẹ ní ọmọge, kò nira fún mi. Orúkọ kan náà ni àwa ìyàwó ilé jọ ń lò. Ẹni tó bá dúdú tó ń dán, Adúmáadán. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun, Eyínfúnjowó. Ọmọ tó bá ń lọ sí ilé ìwé, Akọ̀wé. Akọ̀wé pọ̀ nínú agbo ilé yẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá pe Akọ̀wé kan, ìdajì àwọn ọmọ ló ń dáhùn.

Ní báyìí tí mo tún di ìyàwó, mo ní kí n ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi ní àbúrò obìnrin kan tó padà wá ń gbé ilé baba wọn lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo bá a, mo gbọ́dọ̀ máa kúnlẹ̀ kí i. Ìbàdí rẹ̀ gbòòrò, aṣọ sì máa ń yẹ ẹ́ ní ìdí. N kò rò ó rárá. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo kúnlẹ̀ ní àgbàlá, mo ní, "Ìbàdíàrán, ẹ káàárọ̀ mà."

Ẹni tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró. Ọkọ mi tó fi pín-ìnnì sẹ́nu níbi tó ti ń rán aṣọ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Obìnrin náà wò mí, ó gbé garawa rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ìyá ọkọ mi, tó ti darúgbó, ló pè mí jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, o kò mọ̀. Bí ìyàwó tó ṣáájú rẹ ṣe máa ń pè é nìyẹn. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn. Láti ìgbà tí ìyẹn ti kú, a kò gbọ́ orúkọ yẹn nílé yìí mọ́."

Ilẹ̀ ì bá là kí n wọlé. Mo ní, "Màmá, kí ni kí n wá máa pè wọ́n?"

Ó ní, "Ṣé èmi ni ìyàwó ni? Wò ó dáadáa. Bí o bá rí i, wàá mọ̀."

Fún ìgbà pípẹ́, n kò pè é ní nǹkan kan. "Ẹ káàárọ̀ mà," ó parí. Mo ń wò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé agbéraga ni, nítorí pé tí ènìyàn bá bá a sọ̀rọ̀, á pẹ́ kó tó dáhùn. Lẹ́yìn náà mo rí i pé etí rẹ̀ kan ni kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Mo rò pé ahun ni, nítorí pé ó máa ń ti yàrá rẹ̀ pa. Mo wá mọ̀ pé adìyẹ ló ń sá fún. Gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ rò nípa rẹ̀ ni mo ní láti gbé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àṣàkẹ́, bí ẹni tó ń tú irun tí kò dì dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní yàrá, mo gbọ́ pé wọ́n ń sáré ní àgbàlá. Ojú ọ̀run ti ṣú. Òun ni. Ó ń já aṣọ kúrò lórí okùn, tirẹ̀ àti ti gbogbo ilé, ti àwọn ọmọ, ti àlejò tó ń gba yàrá iwájú, pẹ̀lú ìró tí èmi sá. Kò pariwo pé kí ẹnikẹ́ni wá ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó ti ká ti olúkúlùkù síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ti wọlé. Mo bi àwọn ọmọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe ṣáá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ sí apá tó fi ń gbọ́rọ̀. Mo ní, "Aṣáájú-òjò, ẹ káàárọ̀ mà."

Ó dúró. Ó ní, "Kí lo pè mí?"

Mo tún un sọ. Ohùn mi kò ròkè.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rí yín ni."

Ó yíjú sí ọkọ mi tó jókòó nídìí máṣíìnì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín lójú o. Ẹ máa ṣọ́ ara yín." Ó wá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tó bá se ẹ̀kọ, ó ń fi ewé tèmi sọ́tọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo pè é kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹlòmíràn ló wò ó kó tó fún un ní orúkọ náà. Èmi kò wo nǹkan kan, mo kàn mú ohun tó wà nílẹ̀. Ojú pípọ́n tí o kọ yẹn, ẹ̀rín ìkà yẹn, ilẹ̀kùn gbígbá yẹn, ibòmíràn lo ti rí wọn, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ wò wọ́n. O kò tíì wo ọkùnrin tìrẹ. Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wá síbí, o kò tíì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ, ilẹ̀ lò ń wò.

N kò ní sọ fún ọ pé áńgẹ́lì ni. Irọ́ ló ń pa fún àwọn oníbàárà. Ọkùnrin kan wá láti Takie lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Télọ̀, ẹ ní kí n wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ọkọ mi ní, "Jímọ̀ kọ́ lòní?"

Ọkùnrin náà ní, "Jímọ̀ oṣù tó kọjá lẹ sọ."

Ó yọ pín-ìnnì lẹ́nu, ó ní, "Èmi Jímọ̀ ni mo sọ. N kò bá yín sọ̀rọ̀ oṣù." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn lọ sílé láìní ṣòkòtò. Ó le díẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé okùn ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń kọ orin ìjọ, ọ̀rọ̀ inú orin kò sì yé e, á kàn máa fi ohun tó bá rí dí àlàfo.

Nínú ìwé rẹ, ọkọ ìyá fa àwòrán bàbá ọmọ ya. Ìyẹn ni mo kà tí n kò fi lè jẹun àárọ̀. Àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó kú wà lára ògiri pálọ̀ níbí, èmi ni mo ń nù ún. Mo mú àwòrán bàbá rẹ wá láti Ọ̀yọ́ nínú àpótí, mo fi aṣọ bò ó, mo ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Ó rí i nígbà tó ń bá mi gbé àpótí. Ó béèrè ta ni. Mo sọ fún un. Ó jáde, mo rò pé inú ló bí i. Ìṣó àti òòlù ló lọ mú. Ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ ló kan ti bàbá rẹ mọ́. Ó wọ́ díẹ̀, kò mọ̀ ọ́n kàn.

N kò sọ ọ́ kí o lè fẹ́ràn rẹ̀. Kò pọn dandan. Mo sọ ọ́ nítorí pé o fẹ́ jẹ́ òǹkọ̀wé, bó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ènìyàn fẹ́ràn nìkan ló lè wò, irun àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni ǹ bá máa dì.

Ó rí mi tí mo ń ka ìwé náà. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń kà?" Mo ní ìtàn tí ọmọ mi kọ ni. Ó ní, "Ṣé ó dùn?" Mo ní ó kù díẹ̀ kó dùn. Ó ronú, ó ní, "Ṣé télọ̀ wà níbẹ̀?" Mo ní rárá, onílọ́rì ló wà níbẹ̀. Ó ní onílọ́rì dára, ṣùgbọ́n télọ̀ ló ń gbọ́ àṣírí ìlú. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ọmọ mi, n kò ní fi ìwé ìtàn rẹ rán dẹ́rẹ́bà. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, n kò sì ní gbé e fún ẹnikẹ́ni àfi ìwọ. Bí o bá fẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn tún un wò kí họlidé tó tán, wá gbà á. Wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ní àárọ̀ Sátidé, sọ̀ ní Takie, béèrè ilé télọ̀ lẹ́yìn Ọjà Igbó. O kò ní láti bá a sọ̀rọ̀. Màá gbé àga sí àgbàlá fún ọ níbi tí o ti máa rí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tó bá ń jẹun, tó bá ń parọ́ fún ará Takie. Wò ó títí tí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn.

Bí o bá wò ó tán, tí o sì rí i pé ìkà ni, kọ ọ́ ní ìkà. N kò ní bá ọ jà, n kò sì ní yọ ọ̀rọ̀ kan. Èmi fúnra mi ni màá gbé ìwé náà lé ọ lọ́wọ́, tí màá sì sìn ọ́ dé ìdí mọ́tò.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
ìyàwó tuntun ilé télọ̀.